Excel kì í ṣe àpótí ìpamọ́

Ẹ yẹ kọ̀ǹpútà yín wò dáadáa, ẹ máa bá fáìlì Excel kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní "Member List Final". "Member List Final 2" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni "Final Final Use This One". Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń ṣe nìyẹn, bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń ṣe nìyẹn, bí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ṣe ń ṣe nìyẹn, bí ọmọbìnrin tó ń ta wíìgì lórí Instagram náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Fáìlì mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn, ẹni yẹn sì lè ti wà ní Canada báyìí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò bá Excel jà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ogójì èèyàn, ẹ lo Excel tàbí Google Sheets. Orúkọ, iye yáàdì, iye tó san, iye tó kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìnáwó ti parí, fáìlì ti di ìtàn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ kọ́ dátábéèsì fún ìyẹn kàn fẹ́ gbowó yín ni.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń gba owó ìpamọ́ lóṣooṣù, tó ń yá èèyàn lówó, tó ní akọ̀wé, tó ní akápò, tó tún ní ọmọ kan tó ń bá wọn tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Owó ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Tí àkọsílẹ̀ bá sọ pé màmá kan ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní 60,000 náírà, tó sì jẹ́ pé ó ti san án tán, irọ́ yẹn á lé màmá náà dé ojúlé rẹ̀. Wọ́n á pe àwọn tó ṣe onídùúró fún un. Wọn ò ní yá a lówó nígbà tó bá nílò ẹ̀ fún owó iléèwé ọmọ. Gbogbo èyí lè ti ọwọ́ ìlà kan ṣoṣo tó ṣí kúrò nípò wá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi rò nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àkọsílẹ̀ ṣe pọ̀ tó ló yẹ kó sọ bóyá kéèyàn lo Excel tàbí dátábéèsì. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè iye ọwọ́ tó ń kàn án, iye ọdún tó máa lò, àti ẹni tí àṣìṣe inú ẹ̀ máa pa lára. (Tí mo bá sì pe dátà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń wo TikTok o.)

Ẹ dán nǹkan kékeré kan wò. Ẹ ṣí Excel tuntun, ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù kan sí i, 0803 àtèyí tó kù, kẹ́ ẹ wá tẹ Enter. Òdo iwájú ti pòórá! Excel wò ó, ó ní nọ́ńbà ni, òdo tó wà níwájú nọ́ńbà kò sì wúlò fún ìṣirò, ló bá jù ú nù. Ti fóònù ṣì ṣeé gbà mọ́ra, gbogbo wa la mọ̀ pé òdo ló bẹ̀rẹ̀. Ti báńkì ńkọ́? Díjíìtì mẹ́wàá ni nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà, àwọn kan wà tó fi òdo bẹ̀rẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ fi òdo méjì bẹ̀rẹ̀. Tí òdo bá bọ́, mẹ́sàn-án tàbí mẹ́jọ ló kù, ẹ wá ń wá ìdí tí owó oṣù òṣìṣẹ́ kan kò fi wọlé.

Kò tán síbẹ̀. Excel kì í rántí ju díjíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tó wà lára ọ̀pọ̀ káàdì ATM, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé bíi nọ́ńbà lásán, èyí tó gbẹ̀yìn á di òdo. Ẹ má kọ nọ́ńbà káàdì ẹnikẹ́ni sínú Excel o, àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe. Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé Excel kì í kígbe. Kò ní sọ pé "mi ò lè gba èyí." Á gbà á, á yí i padà, á sì dákẹ́.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá ti jẹ nínú ìyà yìí. Jíìnì kan wà nínú ara èèyàn tí wọ́n ń pè ní MARCH1, òmíràn ń jẹ́ SEPT1. Ẹni tó bá tẹ orúkọ yìí sínú Excel, déètì ló máa bá níbẹ̀, torí Excel rò pé oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án ló ń sọ. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì èèyàn lórúkọ jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ jíìnì 27 padà láàárín bí ọdún kan nítorí wàhálà yìí. MARCH1 di MARCHF1, SEPT1 di SEPTIN1. Ó rọrùn fún wọn láti tún ara èèyàn sọ lórúkọ ju kí wọ́n yí Excel lọ́kàn padà lọ! Ó di 2023 kí Microsoft tó fún gbogbo èèyàn ní ibi tí wọ́n ti lè ní kí Excel má ṣe yí nǹkan padà fúnra rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò pé ìjọba tó lówó, tó sì ní amòye, kò lè kó sí irú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹsàn-án 2020 ń parí lọ, àrùn Kòrónà tún ti ń gbóná. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ń fi èsì ránṣẹ́ sí Public Health England, àjọ tó ń rí sí ìlera ará ìlú níbẹ̀ nígbà náà. Èsì yẹn ń wọlé bíi fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń dà wọ́n sínú Excel, kí wọ́n tó gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ka iye àwọn tó kó àrùn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Fáìlì Excel àtijọ́ ni wọ́n lò, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .xls. Irú fáìlì yẹn kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ. Èsì ẹnì kan sì ń gba ìlà mélòó kan, torí náà bíi 1,400 èèyàn péré ni fáìlì kan lè gbé. Nígbà tó kún, àwọn tó kù ṣubú sílẹ̀. Kò sí aago tó dún, kò sí iná pupa.

Èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní Kòrónà ni kò sí nínú iye tí ìjọba ń kéde láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá. Àwọn fúnra wọn ti gbọ́ èsì wọn. Àwọn tí wọ́n fara kàn ni wọn ò wá lásìkò: ẹni tó jókòó tì wọ́n níbi iṣẹ́, ìyá àgbà tí wọ́n lọ kí lọ́jọ́ Sunday. Ìyẹn lohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ju iye lọ. Ẹni tó yẹ kí wọ́n pè lórí fóònù kó dúró sílé ń rìn káàkiri, kò mọ nǹkan kan, torí ìlà tó yẹ kó mú orúkọ rẹ̀ jáde kò ráyè dúró.

Àwọn kan sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé ká ní .xlsx ni wọ́n lò, èyí tó wà láti 2007 tó ń gba ìlà 1,048,576, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Àmọ́ Excel ṣì máa wà láàárín ọ̀nà níbi tí kò yẹ kó wà, wọ́n á kàn sún wàhálà síwájú ni.

Kí wá ni dátábéèsì? Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ bà yín lẹ́rù, inú àpò yín ló wà. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó wà lórí fóònù Android yín, inú dátábéèsì kékeré kan tó ń jẹ́ SQLite ni wọ́n ń gbé. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ D. Richard Hipp ló ṣe é lọ́dún 2000, ọ̀fẹ́ sì ni. Tẹ́ ẹ bá wá ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ bá ẹnì kan sọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì jáde lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ dátábéèsì nìyẹn.

Èrò tó wà nídìí ẹ̀ ti pẹ́. Ní 1970, Edgar F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá IBM ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tó ṣàlàyé bó ṣe yẹ kéèyàn to àkọsílẹ̀ púpọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò. Ẹ fi ojú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò ó. Àtẹ kan á wà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan: orúkọ, fóònù, àdírẹ́sì. Àtẹ kejì á wà fún owó ìpamọ́, ìkẹta fún ẹ̀yáwó. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ló so àwọn àtẹ wọ̀nyí pọ̀. Tí màmá yẹn bá yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, ibì kan ṣoṣo lẹ máa tún un ṣe. Nínú Excel tí wọ́n pín sí January, February, March, ibi méjìlá ni nọ́ńbà yẹn wà, ẹ máa tún mẹ́ta ṣe, á sú yín, mẹ́sàn-án tó kù á máa parọ́ títí ọdún á fi parí.

Orúkọ tiwa gan-an tún ń dá kún un. Ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo lè jẹ́ Táíwò, kó jẹ́ Adébáyọ̀, kó ní oríkì tirẹ̀, kó jẹ́ Samuel ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo àdúgbò sì máa pè é ní Bàbá Ṣadé. Ẹni tó ń tẹ̀wé á kọ "Adebayo Taiwo" lóṣù kìíní, á kọ "Taiwo Adebayo S." lóṣù kejì, tó bá di ìkẹta á kọ "Baba Sade". Ọ̀kan ní àmì ohùn lórí, òmíràn ò ní. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ní ẹnì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà á ní èèyàn mẹ́ta ni. Ẹ yí i padà báyìí: Kẹ́hìndé Adébáyọ̀ méjì wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Àwọn tó mọ Excel dunjú á lo VLOOKUP láti wá iye tí Kẹ́hìndé jẹ, VLOOKUP á sì mú ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé, kò ní béèrè èwo nínú wọn. Gbèsè Kẹ́hìndé kìíní di ti ìkejì nìyẹn. Nínú dátábéèsì, ọ̀kan jẹ́ 17, èkejì jẹ́ 42, títí ayé. Orúkọ lè yí, obìnrin lè lọ sílé ọkọ kó gba orúkọ tuntun, nọ́ńbà 42 ò ní kúrò lọ́rùn ẹni tó ni ín.

Ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ràn lára dátábéèsì: ó lójú àánú díẹ̀, ìyẹn sì dáa fún wa. Tẹ́ ẹ bá ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ò lè kọ ẹ̀yáwó sórúkọ ẹni tí kò sí nínú àtẹ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ ò lè kọ "ó ti san" síbi tó yẹ kí iye owó wà. Excel ní tiẹ̀ dà bí ilé tí gbogbo ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ lè fi kọ́kọ́rọ́ sí àwọn kan, àmọ́ ta ló ń rántí? Ẹnì kan lè to kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ láti A dé Z, Excel á bi í bóyá kó mú àwọn kọ́lọ́ọ̀mù tó kù mọ́ ọn, òun á tẹ bọ́tìnì tí kò yẹ, gbogbo owó á sì wà níwájú orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Tó bá fi pa mọ́ tó sì tì í pa, ó tán.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní kẹ́ ẹ mú 20,000 náírà nínú owó ìpamọ́ òun kẹ́ ẹ fi dín gbèsè òun kù. Ohun méjì nìyẹn: ẹ yọ ọ́ níbí, ẹ fi kún un lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá mú iná lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ tó fi kún ibi kejì, nínú Excel, 20,000 lè ti rá sáàárín. Dátábéèsì tó mọṣẹ́ máa ń so méjèèjì pọ̀: kí méjèèjì ṣẹlẹ̀, tàbí kí ìkankan má ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì náà, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín tó ń kọ́ kóòdù ti ń dìde. Ẹ jókòó ná. Ohun tí Excel àtàwọn ẹbí rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, láti ìgbà tí Dan Bricklin àti Bob Frankston ti gbé VisiCalc jáde ní 1979, ni pé kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè fi ṣírò. "Tí mo bá fi 500 náírà kún owó wíìgì kan ńkọ́? Tí dọ́là bá tún wọ́n sí i ńkọ́?" Ẹ yí nọ́ńbà kan, gbogbo èsì á yí lójú yín. Dátábéèsì ò lè fún yín nírú ìgbádùn yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ronú, Excel ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí nǹkan wà bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀, ẹ lọ síbòmíì.

Dátábéèsì náà ní ewu tiẹ̀, a ò kì í sọ ọ́ tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á bá ẹgbẹ́ kọ́ ọ, á dùn ún wò, ọdún kan lẹ́yìn náà á japa. Òun nìkan ló mọ páàsíwọ̀ọ̀dù. Òun nìkan ló mọ ibi tí fáìlì wà. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, akọ̀wé á padà sínú Excel, ó sì tọ́ fún un. Ẹgbẹ́ tí kò lẹ́nì kan nínú ilé tó lè ṣí dátábéèsì, tó lè mú ẹ̀dà rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó sì fi pa mọ́ síbòmíì, kó má tíì lọ síbẹ̀. Excel tó ní àbójútó sàn ju dátábéèsì tí kò lólówó lọ.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà tún wà. Láti oṣù kẹfà 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà ará ìlú ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ẹ máa rí fáìlì Excel tó kún fún NIN àti BVN tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ bí ẹni ń pín fọ́tò ìgbéyàwó. Fáìlì Excel lẹ́ẹ̀kan náà ni: ẹni tó bá ní in ní gbogbo rẹ̀, títí kan ojú ewé tẹ́ ẹ fi pa mọ́ sẹ́yìn. Oṣù kẹjọ 2023 ni àwọn ọlọ́pàá Northern Ireland fi fáìlì kan dá ẹni tó béèrè ìbéèrè lóhùn. Ojú ewé kan tó fara sin wà nínú ẹ̀, orúkọ ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ 9,483 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Fáìlì yẹn jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìlú tí wọ́n ti ń dọdẹ ọlọ́pàá. Nínú dátábéèsì, ẹ lè jẹ́ kí akápò rí owó, kí ẹni tó ń pe èèyàn lórí fóònù rí fóònù nìkan.

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá kan ẹgbẹ́ tàbí okòwò yín, ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ ra sọ́fítíwíà. Ẹ mú bébà àti bírò. Ẹ kọ àwọn ohun tẹ́ ẹ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn sílẹ̀: èèyàn, owó, ọjà. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lónìí, nínú Excel yẹn náà, kẹ́ ẹ tó ṣí lọ síbikíbi. Ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù fóònù àti àkáǹtì di ọ̀rọ̀, kí òdo lè dúró. LibreOffice Base wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹgbẹ́ kékeré. PostgreSQL àti MySQL náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yẹn fẹ́ ẹni tó mọṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé àkọsílẹ̀ wọ ilé tuntun, ẹ jẹ́ kí tàtijọ́ àti tuntun jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù kan gbáko, kẹ́ ẹ ṣírò àpapọ̀ owó ìpamọ́ àti gbèsè nínú méjèèjì ní ìparí oṣù. Tí wọn ò bá dọ́gba, ẹ má tíì dá tuntun lẹ́bi. Ẹ pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí iye wọn yàtọ̀, kí wọ́n mú rìsíìtì àti káàdì wọn wá, kẹ́ ẹ jọ wá ìlà tó ṣìnà kẹ́ ẹ tó pa Excel yẹn tì.